"Ọmọ Mi, Bá Mi Wò Ó": Ọ̀nà Tí Àwọn Gbájú-ẹ̀ Ń Gbà Jí Orúkọ Wa Lò

Ẹ lọ jókòó sábẹ́ agboòrùn oní-POS lọ́jọ́ ọjà, ní Ṣakí tàbí ní Ìsẹ́yìn, kí ẹ máa wo ọwọ́ àwọn ènìyàn. Ìyá kan tó ta gàrí dé, ó tú fóònù kékeré tó fi rọ́bà dè jáde láti ìdí ìró rẹ̀, ó nà án sí ọmọdébìnrin tó jókòó: "Ọmọ mi, bá mi wò ó, wọ́n ní owó ti wọlé." Ọmọ náà ní kí ìyá dárúkọ píìnì. Ìyá dá a lóhùn ketekete, nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ láti ojúde. Àwọn mẹ́ta tó tò sẹ́yìn rẹ̀ gbọ́. Èmi náà gbọ́.

N kò fi ìyá yẹn ṣẹ̀sín. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni fóònù ń sọ, lẹ́tà rẹ̀ kò tóbi ju èèrà lọ, bẹ́ẹ̀ owó ọjà márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kà á kò ní ṣe kó má yá ojú ẹlòmíràn lò. Ojú tí a ń yá lò yẹn gan-an ni orí yìí dá lé. Bí a bá gbọ́ pé wọ́n fi íntánẹ́ẹ̀tì jalè, ohun tó ń wá sí wa lọ́kàn ni ọmọkùnrin kan ní Èkó tó ń fi kọ̀ǹpútà já ilẹ̀kùn báńkì. Lágbègbè wa ní Òkè-Ògùn, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó ń ràn wá lọ́wọ́ ni orúkọ wa ń gbà jáde: ọwọ́ oní-POS, ọwọ́ ẹni tó ń forúkọ síìmù sílẹ̀, ọwọ́ oníkáfè, nígbà mìíràn ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n wa. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ti tó.

Tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù kan kúrò lọ́kàn yín. NIN yín nìkan, nọ́ńbà mọ́kànlá tó wà lórí ìwé tí àjọ NIMC fún yín, kò lè gbé kọ́bọ̀ kan jáde ní báńkì. BVN náà, tí Báńkì Àpapọ̀ (CBN) gbé kalẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2014, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ àpótí owó. Nọ́ńbà mọ́kànlá ni òun náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí àwọn báńkì lè mọ̀ pé ẹnì kan náà ló ni àkáǹtì mẹ́ta tó wà níbi mẹ́ta. Ẹni tó bá ní ẹnikẹ́ni tó rí NIN yín ti kó owó yín lọ, ń dẹ́rù bà yín lásán ni.

Ibi tí ewu wà ni ìgbà tí wọ́n bá kó wọn jọ. Èyí kò ṣòro fún ará Ìsẹ́yìn láti lóye. Aṣọ òkè kì í jáde ní fífẹ̀ lórí òfì. Tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni ahunṣọ ń hun ún, kò sì sí ẹni tó lè wọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lọ síbi ìgbéyàwó, àfi tí aránṣọ bá so wọ́n pọ̀ di agbádá. Olè orúkọ, aránṣọ ni. Ó rí orúkọ yín ní kíkún níbì kan, ó rí ọjọ́ ìbí yín níbòmíràn, ó ra NIN yín lọ́wọ́ ẹnì kan. Nọ́ńbà fóònù yín ti wà lára kíóòsì yín tipẹ́. Ó ń rán an lọ. Ọjọ́ tó bá rí láìnì yín gan-an gbà mọ́ ọn, agbádá parí.

Ọjọ́ ìbí ló rọrùn jù láti rí, torí àwa fúnra wa là ń gbé e sórí Facebook pẹ̀lú kéèkì àti àbẹ́là. Ìbéèrè kan sì wà tí àwọn ilé iṣẹ́ kan fẹ́ràn láti fi dán oníbàárà wò: kí ni orúkọ ìdílé ìyá rẹ kí ó tó lọ sílé ọkọ? Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó hùmọ̀ ìbéèrè yẹn, àṣírí ni. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Onílù tí ẹ kò fún ní kọ́bọ̀ rí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà òde ìnáwó, yóò ki ìyá yín dé agboolé bàbá rẹ̀, yóò kì í dé ilé ìyá tó bí bàbá rẹ̀, gbogbo àdúgbò á sì máa gbọ́. Nítorí náà, ẹ má fi òótọ́ dáhùn ìbéèrè yẹn. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan tí kò kan ìdílé, orúkọ odò ẹ̀yìn oko yín tàbí ti ewúrẹ́ kan tí ẹ sìn rí, kí ẹ fi í sílẹ̀ bí ìdáhùn. Báńkì kò ní wá bi ewúrẹ́ léèrè.

NIN ni a ń fọ́n ká jù. À ń pín ẹ̀dà rẹ̀ bí ìwé ìpè òde: nítorí síìmù, nítorí ilé ìwé ọmọ, nítorí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nítorí ajílẹ̀, nítorí ẹ̀yáwó tí wọ́n ní ó ń bọ̀ tí kò dé. Nígbà tí wọ́n bá ní ìrànwọ́ ìjọba dé, ẹnì kan á jókòó sójúde pẹ̀lú ìwé gbọọrọ, a ó tò, a ó máa ka NIN, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà àkáǹtì fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò sọ pé ẹ̀tàn ni gbogbo irú ìforúkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé, níbo ni ìwé gbọọrọ yẹn ń sùn lálẹ́? Mo ti ra àkàrà rí tí wọ́n fi ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ dì fún mi. Òróró ti mu gbogbo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà ṣì ṣeé kà.

Bí ẹ kò bá lè ṣe kí ẹ má fi ẹ̀dà sílẹ̀, ẹ mú bíírò, ẹ fa ìlà méjì kọjá lójú rẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ torí rẹ̀ fi í sílẹ̀ àti ọjọ́ sáàárín wọn: "Fún ẹ̀yáwó alájẹṣẹ́kù nìkan." Ẹ̀dà tí wọ́n bá ti kọ nǹkan sí lójú báyìí kì í tà. NIMC tún ṣe NIN àfidípò, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún tí ènìyàn lè gbà lórí fóònù, tí agbára rẹ̀ sì máa ń tán lẹ́yìn wákàtí 72. Ohun tó dára ni. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí ẹ bá fi í lé akọ̀wé kan lọ́wọ́ níhìn-ín, ó lè wò yín bí ẹni pé ẹ fẹ́ ṣe é ní jàǹbá.

"Ìka yín kò mú, ẹ tún un tẹ̀"

Ọwọ́ àgbẹ̀ tí ọkọ́ ti họ kì í tètè mú lórí ẹ̀rọ, òótọ́ ni. Èyí ni ẹlẹ́tàn ń sápamọ́ sí. Ẹ wá forúkọ síìmù kan ṣoṣo sílẹ̀. Ó ní kí ẹ tẹ àtàǹpàkò, ó ní kò mú, kí ẹ tún un tẹ̀, kí ẹ nu ọwọ́, kí ẹ tún un tẹ̀. Nígbà tí ẹ ó fi dìde, síìmù mẹ́rin ti jáde lórúkọ yín, ọ̀kan lọ́wọ́ yín, mẹ́ta nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ dúró dìgbà tí ẹ bá wá rà: wọ́n á gbé ẹ̀rọ wọ abúlé, wọ́n á ní ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á fi ọṣẹ tàbí páálí indómì kan mọ́ ọn.

Ta ló ń ra síìmù bẹ́ẹ̀? Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí orúkọ òun ni: ajínigbé, ọmọ yàhúù, oníwàyó. Ìjọba ti ń bá ọ̀ràn yìí jà tipẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, àjọ NCC tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ láìnì bu owó ìtanràn lé MTN, ₦200,000 lórí láìnì kọ̀ọ̀kan nínú láìnì tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Àròpọ̀ rẹ̀ lé ní tírílíọ̀nù kan náírà kí wọ́n tó dín in kù sí ₦330 bílíọ̀nù. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo láìnì so mọ́ NIN. Àṣẹ yẹn dára, ṣùgbọ́n ó tún sọ NIN ẹlòmíràn di ọjà. Síìmù tí kò lórúkọ ti di èèwọ̀, èyí tó ní orúkọ ẹni ẹlẹ́ni ló wá gbówó lórí.

Nítorí náà, ẹ máa ka iye ìgbà tí ẹ tẹ ìka. Bí ó bá ní kò mú, ẹ ní kí ó yí ojú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ yín kí ẹ rí ohun tó kọ. Bí ó bá kọ̀, ẹ dìde. Bí ẹ bá dé ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ láìnì yín, ẹ bi wọ́n pé láìnì mélòó ló wà lórí NIN yín lọ́dọ̀ wọn.

Wọ́n tà á ní ọgọ́rùn-ún náírà

Kí n má baà di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn tó wà lábẹ́ agboòrùn, ẹ gbọ́ èyí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative tú àṣírí wẹ́bùsáìtì kan tó ń jẹ́ AnyVerify, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi ₦100 ra NIN, BVN àti àwọn ìwé mìíràn tó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ìwé NIN mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ gan-an, Bosun Tijani, wọ́n rí i rà níbẹ̀ ní iye owó yẹn. Oṣù mẹ́ta ṣáájú, ilé ìròyìn FIJ ti tú àṣírí irú rẹ̀ kan tó ń jẹ́ XpressVerify. NIMC ní kò sẹ́ni tó fọ́ àká òun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ kò ní láti fọ́ ilẹ̀kùn. Àìmọye ilé iṣẹ́ ló ní àṣẹ láti yẹ NIN wò kí wọ́n lè mọ oníbàárà wọn, bí ọ̀kan bá sì ń ta ohun tó rí, àká kò ní fọ́, ẹrù inú rẹ̀ ni yóò ti tán.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ àtijọ́ ti ro irú ọ̀ràn yìí. Bí Aláàfin bá fẹ́ rán ìlàrí, ìránṣẹ́ ààfin rẹ̀, jáde, irun orí ìlàrí, ìdajì fífá ìdajì dídá sí, pẹ̀lú gbẹ́rẹ́ orí rẹ̀, ni àwọn ará ìlú fi ń mọ̀ ọ́n. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé wọ́n máa ń mọ ère amọ̀ kan fún ìlàrí kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á fi abẹ kan náà sín gbẹ́rẹ́ kan náà, iye kan náà, sí orí ère náà. Ère wà nílé, ìlàrí wà lọ́nà. Ní tiwa, ère amọ̀ nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ẹnikẹ́ni kì í bi orí.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú

Olè ti ní orúkọ yín, ọjọ́ ìbí yín àti NIN yín. Ohun tó kù ni láìnì, torí orí láìnì ni báńkì ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí. Ó lè gba ọ̀nà méjì rí i.

Àkọ́kọ́ ni kí ó jí fóònù fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa rò pé fóònù kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe wá ní jàǹbá. Ẹni tí síìmù yín bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò tẹ *565*0#, BVN yín yóò jáde. Yóò tẹ *346#, NIN yín yóò tẹ̀ lé e. Kóòdù tí wọ́n ṣe kó lè rọrùn fún yín ni, ó sì rọrùn fún òun náà. Ohun tó ń dá a dúró ni píìnì síìmù, èyí tó yàtọ̀ sí ti báńkì: bí wọ́n bá ti síìmù bọ inú fóònù mìíràn, kò ní ṣiṣẹ́ àfi kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ ní kí ilé iṣẹ́ láìnì yín sọ èyí tó bá síìmù wá fún yín, kí ẹ yí i padà. Ẹ má fi dánrawò o. Bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò tì pa.

Ọ̀nà kejì ni kí ó lọ ṣe ìpààrọ̀ síìmù. Yóò lọ bá aṣojú ilé iṣẹ́ láìnì, yóò ní fóònù òun sọnù, yóò kó orúkọ yín àti NIN yín sílẹ̀, bóyá pẹ̀lú ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ tí kò sí adájọ́ tó rí i rí. Bí aṣojú náà bá jẹ́ aláìbìkítà tàbí alábàápín, síìmù tuntun yóò jí, tiyín yóò sì kú lọ́wọ́ yín níbi tí ẹ jókòó sí.

Nínú gbogbo orí yìí, ibi yìí ni mo fẹ́ kí ará Òkè-Ògùn kà lẹ́ẹ̀mejì. Ní Ìbàdàn, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ fún wákàtí mẹ́ta, ènìyàn á fura. Níhìn-ín, ó lè lọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, a ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe, a ó sì gba oko lọ. Olè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí láìnì yín bá kú, ẹ wo fóònù aládùúgbò tó ń lo ilé iṣẹ́ kan náà. Bí tirẹ̀ bá kú, ọ̀pó ló bàjẹ́. Bí tirẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ tí tiyín kò ṣiṣẹ́, ẹ má gba oko lọ.

Láìnì tí ẹ pa tì náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Láìnì tí wọn kò bá lò fún oṣù mẹ́fà, ilé iṣẹ́ lè pa á, bó bá sì tún pẹ́ sí i, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Ọkùnrin kan ra irú rẹ̀ ní Àsàbà. Láìmọ̀, ọmọ Buhari, Ààrẹ ìgbà náà, ló ti ń lò ó tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní 2019, títí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ fi ní kí wọ́n san mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà fún un ní 2020. Oró ẹni tó rà á nìyẹn. Ti ẹni tó fi í sílẹ̀ láì yọ ọ́ kúrò ní báńkì ni pé ẹni ẹlẹ́ni ni yóò máa gba kóòdù rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń fi orúkọ yín ṣe

Kíkó owó inú àkáǹtì lọ kò pamọ́, ẹ ó rí i lọ́jọ́ náà. Gbèsè ló burú jù, torí kò ní kanlẹ̀kùn. Wọ́n á fi BVN yín yá owó lórí áàpù ẹ̀yáwó. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni CBN ti gbà kí báńkì tó yáni lówó lè yọ gbèsè rẹ̀ nínú àkáǹtì èyíkéyìí tí onígbèsè ní ní báńkì mìíràn, BVN ni wọ́n sì fi ń wá a. Ẹ ta iṣu, owó wọlé lówùúrọ̀, báńkì kan tí ẹ kò dé rí ti mú un lọ lọ́sàn-án.

Àwọn ọmọ wa ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ń ta tiwọn fúnra wọn. Ẹnì kan á ní kí wọ́n yá òun ní àkáǹtì kí owó kan lè gba ibẹ̀ kọjá, òun á fún wọn ní ìdá mẹ́wàá. Owó olè ni, orúkọ ọmọ yín sì ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ rí.

WhatsApp ńkọ́? Ẹnì kan tí ẹ mọ̀ kọ̀wé sí yín: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ṣèèṣì fi kóòdù kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ bá mi kà á." Nọ́ńbà mẹ́fà. Ẹ kà á, WhatsApp yín ti di tirẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, "ẹ̀yin" ti ń bẹ gbogbo ẹgbẹ́ ìlú yín fún ₦50,000. Ẹ lọ sínú àtòjọ WhatsApp, níbi tí wọ́n kọ "Two-step verification" sí, kí ẹ fi píìnì tiyín síbẹ̀. Ẹni tó bá sì fi ìwé tọrọ owó, ẹ pè é kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọmọ tó máa ń kí yín pé "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, màámi," bó bá dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú "Good morning ma, I need urgent help," ẹ fura.

Kí ẹ má baà rò pé àwa nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, àwọn tiwa náà ń ṣe é sí àwọn ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, wọ́n mú Abidemi Rufai, olùrànlọ́wọ́ pàtàkì fún gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní pápákọ̀ òfurufú JFK ní New York. Ó ti fi orúkọ àwọn ará ìpínlẹ̀ Washington béèrè owó tí ìjọba ń san fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà Kòrónà. Ọgbọ́n tó lò kò le: Gmail kì í ka àmì ìdánudúró tó wà láàárín orúkọ, nítorí náà ó ń sún àmì náà síwá sẹ́yìn, ìjọba rí i bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, gbogbo lẹ́tà sì ń wọ inú àpótí kan ṣoṣo. Ní 2022, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Òfin tiwa, ti ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe ní 2015, fi ọdún márùn-ún tàbí mílíọ̀nù méje náírà lélẹ̀ fún ẹni tó bá fi ẹ̀tàn pe ara rẹ̀ ní ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ ẹni tó wà láàyè tàbí òkú. Òkú tí wọ́n fi síbẹ̀ kì í ṣe àṣejù. Ẹ lọ wo iye ohun tí a ń kọ sára pósítà ìsìnkú.

Wákàtí àkọ́kọ́

Bí fóònù bá sọnù tàbí láìnì bá kú lójijì, ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ yá fóònù ẹlòmíràn. Báńkì ni ẹ ó kọ́kọ́ pè, torí ọ̀pọ̀ báńkì ló ní kóòdù tí ẹ lè tẹ̀ lórí fóònù ẹnikẹ́ni láti ti àkáǹtì pa. Ẹ lọ gba ti báńkì yín lónìí, kí ẹ kọ ọ́ sí páálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá. Inú fóònù tó lè sọnù kọ́ ni kí ẹ fi pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ pe 300 kí wọ́n dí láìnì náà. Láti 2023, gbogbo ilé iṣẹ́ láìnì ló ń lo 300, nítorí náà fóònù tó ń lo ilé iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú yín ni kí ẹ yá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ìpè yín yóò lọ.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ mú ìwé ẹ̀sùn lọ sí báńkì, ẹ̀dà méjì. Ẹ kọ wákàtí tí láìnì kú sínú rẹ̀, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí ẹ̀dà tiyín. Ẹ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá àti ìwé ìbúra ní ilé ẹjọ́. Àwọn ìwé wọ̀nyí lè má dá owó padà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi láìnì náà jí ènìyàn gbé lọ́la, àwọn ni yóò jẹ́rìí pé ẹ ti kúrò nídìí rẹ̀ lánàá. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí báńkì kò rí nǹkan kan sọ, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka CBN tó ń gbèjà oníbàárà, cpd@cbn.gov.ng.

Fún ẹni tí kò mọ̀wé kà

Ó ku ìyá tó ń ta gàrí. Kò lè ka ohun tí mo kọ yìí, ẹ̀yin tí ẹ kà á ni ẹ ó kọ́ ọ. Ẹ fi fóònù rẹ̀ lé e lọ́wọ́ lálẹ́, nígbà tí ọjà ti tú. Ẹ ní kí ó fi àtàǹpàkò wá bọ́tìnnì tó wà láàárín: kókó kékeré kan wà lórí 5, wọ́n fi síbẹ̀ kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n. Láti ibẹ̀, òkè ni 2, ìsàlẹ̀ ni 8, ọ̀tún ni 6, òsì ni 4. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yan ibi mẹ́rin tí ọwọ́ rẹ̀ yóò máa rìn, kí ẹ sì yíjú sẹ́yìn nígbà tó bá ń yàn án. Kí ó tún un ṣe títí yóò fi lè tẹ̀ ẹ́ láì wo fóònù, bí ó ṣe ń ka owó nínú òkùnkùn. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó yí píìnì àtijọ́ padà, torí gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀ lọ́jà ló ti mọ ìyẹn.